Bí Ọkọ̀ Madam Felicia Ṣe Ń Dún

Mpape, Abuja.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀yin àti Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú òjò tí mo gbọ́ pé kò jẹ́ kí ẹ sinmi. Ara mi le. Mi ò ṣàìsàn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò sì tíì níyàwó, kí Màmá tó béèrè.

Ìwé ni mo kọ nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, “Ẹ̀n? Ẹ̀n?” lẹ ó máa wí títí owó orí fóònù mi yóò fi tán. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Kàbbà láti ibí ní òun yóò fi í lé yín lọ́wọ́.

Mo ti rí ọkọ̀. Ilé-ìwé kan ní Gwarinpa ń wá ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí yóò máa gbé àwọn olùkọ́ mẹ́rin wá láti Kúbwà láràárọ̀, tí yóò sì máa dá wọn padà lọ́sàn-án. Wọ́n ti gbà mí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé, wọ́n sì ní bí ọkọ̀ kò bá tíì sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ló niṣẹ́. Bàbá, ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ nílùú yìí. Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ ra iṣu, mo sọ̀. Ó ti sú mi.

Madam Felicia ló ni ọkọ̀ náà, obìnrin Èkìtì kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ padà sílé. Tókunbọ̀, àlòkù láti òkè òkun, ni nígbà tó rà á ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àwọ̀ eérú ni. Kì í ṣe Gọ́ọ̀fù kékeré tí gbogbo èèyàn ń fi ṣe kábúkábú níbí, kì í sì í ṣe jíìpù. Àárín méjèèjì ló wà. Olùkọ́ mẹ́rin á jókòó sínú rẹ̀ láìfi orúnkún gbún ara wọn.

Mo mọ ohun tí mo ṣèlérí. Nígbà tí ẹ ta lọ́rì yín kí n lè ní ọkọ̀ tèmi, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ ra èyíkéyìí tí etí yín kò bá tíì gbọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, etí yín ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn súre fún mi, kí n lọ gba kọ́kọ́rọ́.

Èmi ọmọ yín,
Ọlọ́runfẹ́mi.


Òkè-Àràbà, lọ́nà Kàbbà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2013.

Fẹ́mi,

Ìwé rẹ dé. Ẹja gbígbẹ ni dẹ́rẹ́bà náà kó o mọ́, ó ń rùn, ṣùgbọ́n mo rí i kà. Màmá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò béèrè nǹkan kan nípa ìyàwó, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìwọ fúnra rẹ ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ń béèrè.

O ní etí mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló jẹ ẹ́? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ti ẹ́ńjìnnì lọ́rì láti Kàbbà dé Kánò, ohun tó jẹ ẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ní Abaji, oúnjẹ wà lẹ́nu mi nígbà tí lọ́rì kan kọjá. Mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé èyí ò ní dé Lọ́kọ́ja. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwa náà ṣí, a bá lọ́rì ọ̀hún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ti já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí àwa tó ń bọ̀ má baà rọ́ lù ú. Ẹni tó rẹ́rìn-ín ló sanwó oúnjẹ mi nígbà tí a tún pàdé.

Nítorí náà, mi ò sọ pé má rà á. Mo ní kí o jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná.

Bí o ó ti ṣe é nìyí. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ a máa jí ṣáájú ẹni tó ń rà á, a tan án kí ó gbóná, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù kì í bo àṣírí. Ìwọ ni kí o jí ṣáájú. Fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, padà sílé, kí o tún lọ lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá tutù, kí obìnrin náà tan án. Kí o wá pa ẹnu rẹ dé, èyí tó máa ń ṣòro fún ọ, kí o gbọ́, kí o sì kọ ohun tí o gbọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Màmá rẹ kí ọ. Má fi àìjẹun ṣiṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Japheth.


Mpape, Abuja.
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo rí ìwé yín gbà, mo sì ṣe bí ẹ ti wí, ṣùgbọ́n mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo dé ilé Madam ní Gwarinpa kí àwọn mùsùlùmí tó kírun tán. Mo wọlé, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Méígàádì Madam jáde pẹ̀lú igi. “Kai, kí lò ń fi ọwọ́ pa lára ọkọ̀?” Mo ní bàbá mi ló ní kí n pa á. Ó ní kí n pe bàbá mi wá. Igbe rẹ̀ ló jí Madam. Ó fi ìró àti bùbá àná jáde, ó wò mí títí.

“Fẹ́mi, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ gbàdúrà fún un?”

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Ó tan án. Ó dún dáadáa. Ó ń dún bí ẹ́ńjìnnì. Ó yọ̀ǹda kí a gbé e wá sí Mpape fún Mùíbì, mẹkáníìkì ará Ìlọrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé mi. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo epo, ó sì ní kí n yáa rà á kí ẹlòmíràn tó rà á.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa sọ òótọ́. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà nínú ìwé. Ẹni tí kò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí Màmá ní láti fi ìgbọ̀nwọ́ gún kí ó tó mọ̀ pé a ti dìde kọrin, kò lè jókòó sí Òkè-Àràbà kí ó máa gbọ́ ọkọ̀ tó wà ní Gwarinpa. Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń gbọ́ràn pinnu èyí.

Mo ń retí ìwé yín.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runfẹ́mi.


Mpape, Abuja.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo bi dẹ́rẹ́bà Kàbbà bóyá ìwé mi sọnù. Ó ní òun fi lé yín lọ́wọ́, ẹ kà á lójú òun, ẹ ká a, ẹ fi sápò, ẹ sì wọlé láìkí òun pé ó dàbọ̀.

Bí inú bá ń bí yín, ẹ bínú sínú ìwé kí n lè kà á. Màmá kò gbé fóònù rẹ̀. Mo ń retí yín.

Ọlọ́runfẹ́mi.


Mpape, Abuja.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Mo tún kí yín. Ẹnìkan wá láti Abaji lánàá, ó wo ọkọ̀ Madam yípo lẹ́ẹ̀mejì. Madam ní òun ṣì ń dúró dè mí nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò ní kí òun dúró di Kérésì. Ilé-ìwé náà sì pè mí lọ́jọ́ Ẹtì: “Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ̀ ńkọ́?” Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Mùíbì bi mí ní ìdí tí mi ò fi rà á. “Ohun tó o máa fi rà á wà lọ́wọ́ ẹ. Bàbá ẹ wà lọ́hùn-ún. Kí ló dì ẹ́ mú?” Mo ní ẹnu mi ni, torí òun ni mo fi ṣèlérí. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ẹnu ara rẹ̀ dì mú rí.

Mo lè rà á lọ́la. Mi ò ní rà á. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn, kódà kí ẹ kàn kọ “Rárá.”

Ọlọ́runfẹ́mi.


Òkè-Àràbà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2013.

Fẹ́mi ọmọ mi,

Ìwé rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú mi. Àláfíà ni a wà. Fóònù Màmá rẹ bọ́ sínú omi ìfọṣọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé e.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, inú bí mi. Mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà, mo rántí ọgbọ́n kan tí àwa awakọ̀ máa ń dá. Bí ariwo bá pọ̀ ní gáréèjì, a ó fi eyín di èèkù sukudiráfà mú, a ó fi ẹnu irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ohùn ẹ́ńjìnnì á gba inú eyín wọ orí. Mo ní bí etí bá ti di, eyín mi ṣì wà. Bí ọgbọ́n náà bá ṣiṣẹ́, mo máa wọ ọkọ̀ wá sí Abuja, mo máa gbọ́ ọkọ̀ obìnrin yẹn fúnra mi, mo sì máa dójú tì ọ́.

Mo mú sukudiráfà mi, mo lọ sídìí ẹ̀rọ ata Sẹ̀kínátù, Màmá rẹ sì tẹ̀lé mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n, ọlọ́yàyà obìnrin tó ń lọ ata lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ó tan ẹ̀rọ, mo fi eyín di irin mú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí àwọn èèyàn wí, Màmá rẹ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ó pariwo rẹ̀ sí etí òsì mi, ó sì gbádùn rẹ̀.

Sẹ̀kínátù ní, “Bàbá Fẹ́mi, ata là ń lọ̀ níbẹ̀ o, a kì í jẹ ẹ̀rọ náà.”

Àwọn tó to abọ́ ata sílẹ̀ bi Màmá rẹ pé, “Ṣé ebi ló ń pa bàbá ni?”

Ó ní, “Mo fún un ní iyán kó tó jáde.”

Mo ní kí Sẹ̀kínátù pa á, kí ó tún tan án. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Fẹ́mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé irin ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn kò wọlé. Mo nu ẹnu mi, mo kí wọn, mo sì padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti mọ ohun tí mo máa kọ. Òótọ́ tí o sọ ni mo fẹ́ sọ di irọ́, kò sì gbà.

Nítorí náà, mo dá ọ sílẹ̀ nínú ìlérí. Ra ọkọ̀ náà. Mo súre fún ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. O kọ̀wé pé “ó ń dún bí ẹ́ńjìnnì.” Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, ì báà gbọ́ràn, ì báà má gbọ́.

Bàbá rẹ,
Japheth.


Gwarinpa, Abuja.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ agogo ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí. Bí mo ti kọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé kò dára, agídí ni kò jẹ́ kí n pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà kí ẹ dá mi sílẹ̀. Èmi ni mo ṣèlérí, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ní “bí ẹ́ńjìnnì” kò tó, nítorí náà mo ti padà lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni mo ti ń kọ èyí. Mo gbé àpótí ìjókòó wá, mo mú ìwé àti bírò, mo sì bẹ Madam pé kí ó má bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Méígàádì náà jókòó tì mí. Ó rò pé ìdánwò ni mò ń ṣe.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Bí Madam ti yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ṣe tàtàtàtà, bí àgbàdo gbígbẹ tí Màmá ń dà sínú abọ́ tánganran. Mo kà á: kò ju méje lọ tó fi dákẹ́. Ó wá ń ṣe rììì, bí ológbò tó sùn sẹ́bàá ààrò. Mo ní kí Madam tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ṣe hùùù bí atẹ́gùn tó gba orí ọ̀pẹ kọjá, kò wúkọ́, èéfín kò sì jáde.

Mo ní kí ó gbé gíà sẹ́yìn, kí ó rìn díẹ̀, kí ó sì gbé e síwájú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun kan. Gbì. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí èèyàn gbé odó kalẹ̀ nínú yàrá kejì. Ọkọ̀ náà ronú fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń sọ pé “ẹ kúuṣẹ́,” kí ó tó lọ. Mo ní kí ó tún un ṣe. Gbì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, méígàádì ti gbọ́ ọ ṣáájú mi.

Mo bi Madam. Ó ní, “Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Bàbá, bí Mùíbì kò ṣe gbọ́ ọ ti yé mi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Mpape láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lábẹ́ ariwo yẹn, òun náà kò sàn jù yín lọ. Èmi sì wà níbẹ̀, ẹnu ni mò ń fọ́n.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí wọ́n wọlé. Kí ni gbì yẹn?

Ọmọ yín,
Ọlọ́runfẹ́mi.


Òkè-Àràbà.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2013.

Fẹ́mi,

Mo gbọ́ ọ. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo tún jókòó kà á. Màmá rẹ ní kí n jẹun, mo ní kí ó dúró ná.

Fi tàtàtàtà yẹn sílẹ̀. Epo tó sùn sísàlẹ̀ ló ń gun òkè bọ̀. Bí ó bá ti dákẹ́ kí o tó ka ogún, kò sí wàhálà. Rììì dára, hùùù dára.

Gbì nìkan ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Nǹkan méjì ló lè jẹ́, ìkan kéré, ìkan tóbi. Ní ibi tí kò sí ariwo, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí Mùíbì jókòó sídìí ọkọ̀, kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ó gbé gíà sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn, síwájú. Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, má ṣe dúró níwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ta sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ tí a fi igi tọ́, rọ́bà tó jókòó lé ló ti já. A ó pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá dúró jẹ́ẹ́ tí gbì náà sì ń dún, inú gíà ni. Kí o kí obìnrin náà, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa lọ, ì báà ṣe pé ọ̀la ni wọ́n ń wọlé. Iṣẹ́ mìíràn á wá. Mi ò fẹ́ kí olùkọ́ mẹ́rin jókòó sínú oòrùn lọ́nà Kúbwà kí ìwọ sì máa já ewé.

Ṣe é, kí o sì kọ ohun tí o rí. Má kọ ohun tí o fẹ́ rí.

Bàbá rẹ,
Japheth.


Mpape, Abuja.
Ọjọ́ keje, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013.

Bàbá mi,

Ẹ kú àdúrà. Ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Mùíbì kò kọ́kọ́ fẹ́ wá. Ó ní ta ló ń fi lẹ́tà tún ọkọ̀ ṣe. Mo ní kí ó kàn wá tẹ bíréèkì fún mi. Nígbà tó gbé gíà síwájú, ẹ́ńjìnnì náà ta bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójijì. Mo ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Bàbá ẹ tó di létí yẹn náà?” Mo ní òun náà ni. Ó mú sípánà, ó tú rọ́bà náà jáde. Ó ti fà ya sí méjì.

Tuntun ti wà níbẹ̀ báyìí, gbì kò sì dún mọ́. Lánàá ni Madam fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ó kó ìwé orin rẹ̀ kúrò níwájú ọkọ̀, ó jókòó díẹ̀ sí ààyè dẹ́rẹ́bà kí ó tó jáde. Gíláàsì ẹ̀yìn lápá òsì kì í sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà tó bá wù ú. Àwọn olùkọ́ yóò ráhùn. Kí wọ́n ráhùn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo máa dúró dè wọ́n ní Kúbwà nínú ọkọ̀ tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mùíbì ní kí n kí yín, kí n sì fi èyí bi yín. Ọkọ̀ oníbàárà méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ti sú u. Ìkan ń dún bí ìgbà tí a ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń yà sí òsì nìkan ni. Ó ti pààrọ̀ bíárìn tí táyà òsì fi ń yí, kò gbọ́. Èkejì, ó ní ó kàn ń dún bákan ṣá.

Ọmọ yín,
Ọlọ́runfẹ́mi.


Òkè-Àràbà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013.

Fẹ́mi ọmọ mi,

Ọlọ́run yóò máa bá ọ gun ọkọ̀ náà. Kò ní já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Màmá rẹ ka ìwé rẹ sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó tún lọ kà á fún Sẹ̀kínátù, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.

Sọ fún Mùíbì pé ọkọ̀ tó bá yà sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń gbé ẹrù. Bíárìn táyà ọ̀tún ni kí ó tú.

Ti èkejì, mi ò ní dáhùn. “Bákan ṣá” kì í ṣe ohùn. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà jí ní kùtùkùtù, kí ó jókòó tì í fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tó bá gbọ́. Kí ó tètè ṣe é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dẹ́rẹ́bà Kàbbà máa ń dé, mo sì ti gbé àga síta.

Bàbá rẹ,
Japheth.